Ìyá Tí Ó Ń Gbàgbé Kì í Ṣe Àjẹ́

Ẹni tí a bí ní Ìrèé, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà, tí ó sì dàgbà láàárín agbo-ilé, yóò ti rí irú rẹ̀ rí. Ìyá àgbà kan dìde ní ìdájí, ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó ní òun ń lọ sí ọjà. Ó ti tó ogún ọdún tí ó ti ṣíwọ́ ọjà títà. Wọ́n bá a ní ojú títì, wọ́n mú un padà wálé. Kò mọ ẹni tí ó mú un padà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan náà, ó figbe ta pé ìyàwó ọmọ òun ti jí owó òun. Owó náà sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti di ti àdúgbò. Àwọn kan ní ogbó ni, pé ó ń ṣarán. Àwọn kan ní ayé ni ó ń ṣe é. Àwọn tí ẹnu wọn mú jù wí èyí tí ó burú jù: wọ́n ní àjẹ́ ni, ohun tí ó ti ṣe sẹ́yìn ni ó ń kà.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó mú wa gbé gègé ìkọ̀wé lónìí. Àìsàn ni ohun tí ń ṣe ìyá náà. Àìsàn inú ọpọlọ ni, gẹ́gẹ́ bí ibà ti jẹ́ àìsàn inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó kọ́ gbogbo ayé ní ohun púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ohun tí wọ́n ṣàwárí ní Ìbàdàn ti dé London àti Amẹ́ríkà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹ̀bá ààrò àwọn ìyá wa.

Ohun tí àìsàn náà jẹ́

Ní 1906, oníṣègùn ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Alois Alzheimer ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti rá pátápátá kí ó tó kú. Ọpọlọ náà ti sún kì. Ìdọ̀tí kan ti dì sí àárín àwọn fọ́nrán rẹ̀, àwọn òwú tín-tìn-tín sì ti lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi orúkọ Alzheimer pe irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn tí àwọn oníṣègùn kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, dementia. Àwa yóò pè é ní àrùn ìgbàgbé. Òmíràn nínú wọn a máa ti ara òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó dí nínú ọpọlọ wá, bí ó ti ń rí fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ìgbàgbé àgbà ni àrùn. Bàbá tí ó pe Àjàyí ní Àkànní, tí ó sì rẹ́rìn-ín tí ó tún un pè, kò ní àrùn kankan. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó jẹun tán ní wákàtí kan sẹ́yìn tí ó sì ń búra pé ebi ni wọ́n fi ń pa òun, tàbí tí ó sọnù láàárín ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ó yẹ kí oníṣègùn rí i.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn

Òkèmẹ̀sí-Èkìtì kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun sí ní 1935. Ó kàwé ní Christ's School, Adó-Èkìtì, ó sì di àgbà oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn. Òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn nípa ìwádìí tí ó ṣe lórí àrùn kan tí ń ba ẹsẹ̀ àti ojú àwọn ará Ẹ̀pẹ́ jẹ́, èyí tí ó so mọ́ oró inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Ní 1992, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n fẹ́ fi àwọn àgbà Yorùbá tí ń gbé ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn àgbà ènìyàn dúdú tí ń gbé ní ìlú Indianapolis. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni a ti kó ọ̀pọ̀ nínú baba ńlá àwọn ti Amẹ́ríkà lọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn bá ara tan, ṣùgbọ́n oúnjẹ, iṣẹ́ àti ìgbé-ayé wọn yàtọ̀.

Láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ ní Ìdíkàn títí wọ́n fi bá 2,494 àgbà tí ó ti pé 65 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ọdún tí a bí wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ìlú ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí fún wọn. Ọ̀pọ̀ kò sì lọ sí ilé-ìwé rí. Àwọn ìdánwò tí àwọn òyìnbó ń lò a máa ní kí ènìyàn kàwé, kí ó kọ gbólóhùn kan, kí ó sọ ọjọ́ tí oṣù jẹ́. Ṣé a lè tìtorí pé ìyá kan kò mọ ìwé kọ kí a sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́? Nítorí náà ni wọ́n ṣe lo ìdánwò mìíràn, tí a ti dán wò láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ Cree ní Kánádà, tí wọ́n sì tún tò ní èdè Yorùbá. Wọ́n a ní kí àgbà náà dárúkọ ẹ̀yà ara, kí ó ka orúkọ ẹranko tí ó bá mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó gbọ́ ìtàn kúkurú kí ó sì tún un sọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a bi ẹbí rẹ̀ léèrè bí ó ti ń ṣe nílé.

Ibi ìbéèrè lọ́wọ́ ẹbí yìí ni wọ́n ti bá ìṣòro kan pàdé tí ó yẹ kí olúkúlùkù wa ronú lé lórí. Ní ilẹ̀ wọn, bí ìyá àgbà kò bá lè se oúnjẹ mọ́, tí kò lè ra nǹkan lọ́jà kí ó gba ṣéńjì, a ó ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ta ni í jẹ́ kí ìyá àgbà se oúnjẹ? Ọmọ-ọmọ a bu omi ìwẹ̀ fún un, ìyàwó ilé a gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ẹlòmíràn a ká owó rẹ̀ fún un. Ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni èyí, ó sì dára. Ṣùgbọ́n aṣọ ìbora ni pẹ̀lú: àìsàn lè wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Àwọn olùwádìí náà ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti bèèrè, kì í ṣe ohun tí àgbà ń ṣe nìkan, bí kò ṣe ohun tí ó lè ṣe bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó ṣe é.

Ní 1995, wọ́n gbé èsì àkọ́kọ́ jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ní Ìdíkàn, 2.29 ni àrùn ìgbàgbé ń ṣe. Ní Indianapolis, 4.82 ni láàárín àwọn tí ń gbé ní ilé wọn. Bí a bá ka àwọn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, ó di 8.24. Ọdún yìí kan náà ni Ọ̀ṣúntókun dolóògbé. Iṣẹ́ náà kò bá a kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Baiyéwù, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwùsì Gureje àti àwọn mìíràn gbé e lọ síwájú. Ní 2001, wọ́n kéde pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà tí ara wọn dá, àrùn náà ń mú 1.35 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis.

Kí a má ṣe sùn

Àwọn kan gbọ́ ìròyìn yìí, wọ́n ní àrùn òyìnbó ni, kò kàn wá. Ìṣìnà ńlá ni. Ìwádìí kò sọ pé Ọlọ́run yọ Yorùbá sílẹ̀. Ohun tí ó hàn ni pé àwọn ará Ìdíkàn ìgbà náà kò sanra púpọ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Indianapolis. Ẹ wo ayé tí a wà lónìí. Ẹni tí baba rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rin ìrìn máìlì mẹ́ta lọ sí oko iṣu ń gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti gba ipò omi. Àwọn olùwádìí Ìbàdàn fúnra wọn tún kéde ní 2011 pé láàárín àwọn àgbà Yorùbá tí wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni àrùn ìgbàgbé tètè ń mú ju àwọn yòókù lọ.

Bí a bá sì ń sọ pé ti Ìbàdàn kì í ṣe ti Ìgbómìnà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje ti dáhùn. Ní 2003 àti 2004, ó darí ìwádìí mìíràn ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, Ọ̀ṣun àti Kwara sì wà nínú wọn; 2,152 àgbà ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà tọ̀ wọ́n lọ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé bí 22 nínú ẹgbẹ̀rún kan ni àrùn náà ń mú lọ́dún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wádìí yàtọ̀ sí ti Ìdíkàn, a kò sì lè fi òṣùwọ̀n kan wọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí èyí kí ó tún sọ pé àrùn náà kò sí ní ilé wa. Wọ́n rí i pé bí ọjọ́ orí ti ń ga ni ó ń pọ̀, pé ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, àti pé ẹni tí kì í bá ẹbí àti ẹgbẹ́ ṣe pọ̀ ni ó tètè ń mú. Nígbà tí wọ́n sì bèèrè ohun tí ń mú ayé dùn fún àgbà, kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti ìlú wà lára ohun tí ó léwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ìyá yín mọ́ inú yàrá nígbà tí àlejò bá dé, ẹ gbọ́.

Ohun tí àwọn olùkọ́ ṣe láìmọ̀

Ní 2024, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní London, The Lancet, pè jọ ka ohun 14 tí ó lè fa àrùn yìí tí a sì lè ṣe nǹkan sí. Wọ́n ní bí a bá mú gbogbo wọn kúrò, ó tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn náà tí a lè dènà tàbí kí a dá dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá mímu, ọtí àmujù, etí dídi, ojú tí kò ríran, orí tí ó fọ́ nínú jàǹbá, ìbànújẹ́ ọkàn àti dídá nìkan gbé. Èyí tí ó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ láyé ọmọ ènìyàn nínú gbogbo wọn ni àìlọ sí ilé-ìwé ní kékeré.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn láìgba owó. Ó lé ní 800,000 ọmọ tí ó wọlé ní ọdún náà. Àwọn ọlọ́tẹ̀ ní ìfowóṣòfò ni; wọ́n ní ta ni yóò máa ro oko? Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ìgbà náà ti lé ní àádọ́rin ọdún nísinsìnyí. Àwọn gan-an ni ó dé ọjọ́ orí tí àrùn ìgbàgbé ń wá ènìyàn. Ọpọlọ tí a fi A, B, D àti ìṣirò kọ́ ní kékeré a máa ní ìpamọ́ tí yóò fi bá àrùn náà jà pẹ́ kí ó tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹfun kọ sí ara pátákó ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1955 rò pé òun ń kọ́ akọ̀wé. Ó ń gbé odi yí iyè àgbà ọ̀la ká pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín owó ilé-ìwé kù lónìí, kí ó mọ̀ pé àrùn àwọn arúgbó ọjọ́ iwájú ni òun ń rà.

Ẹni tí ń tọ́jú

A ti sọ̀rọ̀ aláìsàn tó. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé sọ pé 57 mílíọ̀nù ènìyàn ni àrùn ìgbàgbé ń ṣe ní 2021, èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ sì wà ní àwọn ilẹ̀ tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Wọ́n tún ní nínú wákàtí mẹ́wàá tí ẹbí ń lò láti tọ́jú wọn, méje jẹ́ ti obìnrin. Kò sí ẹni tí ó ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ẹ̀rí rẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́fà, ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan ní Abuja, ọ̀kan ní London. Ọmọbìnrin tí ó ń ránṣọ ní ilé, tàbí ìyàwó ọmọ tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ìyá náà, ni gbogbo rẹ̀ kù sí lọ́rùn. Òun ni í fọ aṣọ tí ó tutù lóru. Òun ni í sáré tẹ̀ lé ìyá ní ìdájí. Òun náà ni wọ́n ń pè ní olè. Nígbà tí ìpàdé ẹbí bá dé, ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè ni a ó yìn, ẹni tí kò sùn fún oṣù mẹ́ta ni a ó bi pé, "Kí ló dé tí Màmá rù báyìí?"

Òwe wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni kí ó fún un mu. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókèèrè, owó dára, ẹ má ṣe dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é, kí ó lọ sí ibi tí yóò ti sùn. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ san owó ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Bí ìyá bá ń bèèrè ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú láti ọdún pípẹ́, ẹni tí ó bá sọ fún un pé ó ti kú ti túfọ̀ rẹ̀ fún un lọ́tun. Yóò sọkún bí ẹni pé òní ni, yóò sì tún bèèrè lọ́la. Ẹ ní kí ó sọ ìtàn ọkọ náà fún yín. Ẹ tan iná sílẹ̀ lóru. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣa ẹ̀wà, kí ó ká aṣọ, kí ó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kí bàbá ta ayò bí ó bá ṣì lè ta á. Ẹ má ṣe fi okùn dè é. Ẹ má sì ṣe gbé e lọ sí ibi tí a ó ti fi pàṣán lé àìsàn jáde.

Kí ẹ tó gbà pé àrùn ìgbàgbé ni, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀, tàbí ní Ìbàdàn níbi tí ilé ìwòsàn àwọn àgbà ti wà láti 2012. Àwọn àìsàn kan wà tí ó ń fara jọ ọ́ tí ó sì ní ìwòsàn: ìbànújẹ́ ọkàn, àìtó èròjà kan nínú oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú orí lẹ́yìn ìṣubú, àní oògùn tí a ń lò fún àìsàn mìíràn. Ó burú kí a pe ohun tí abẹ́rẹ́ lè wò ní àjẹ́.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ wa kàn yín. Ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola, tí ó wà lórí oyè láti 2010 títí di 2018, ní ètò kan tí wọ́n pè ní Àgbà Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn àgbà aláìní díẹ̀ ní 10,000 náírà lóṣù. Ó fi hàn pé ìjọba lè mọ ilé tí àgbà aláìní ń gbé bí ó bá fẹ́. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó dá Ilé-Iṣẹ́ Àwọn Àgbà ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 2018, ó sì fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní 2023, èyí tí ó gba ipò òfin àwọn wèrè ti 1958. Òfin ti wà nínú ìwé. Kí ó wá di nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn kékeré tí ó kọ́ bí a ti ń mọ àrùn ìgbàgbé, tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì ń lọ sí ilé àwọn àgbà lóṣooṣù. Kí ó di owó díẹ̀ fún ẹni tí ń tọ́jú.

Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo. Ní 1954, ní Aró l'Ábẹ́òkúta, ó kó àwọn tí orí wọn dàrú sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, dókítà sì ń tọ́jú wọn. Ayé wá wo iṣẹ́ náà, ayé sì kọ́ ọ. Ohun tí ó mú un ṣeé ṣe ni pé ilé ìwòsàn àti ẹbí di ẹrù náà mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni a dì í mú, ọmọbìnrin kan tí oorun ń kùn ni ó sì dì í mú.

Nígbà tí àwọn aṣojú bá tún dé ìlú yín láti wá ìbò, tí wọ́n bá ń ka títì àti iná mànàmáná, kí olùkọ́ kan dìde láàárín ìpàdé kí ó bèèrè pé, "Kí ni ẹ ó ṣe fún ìyá tí ó ń gbàgbé, àti fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀?" Kí ó má ṣe jókòó títí wọn yóò fi dáhùn.